Bí Lẹ́tà Àtúnyẹ̀wò PIP Bá Dé: Ohun Tí Ẹ Ó Ṣe Láti Ọjọ́ Tí Ẹ Gbà Á Títí Dé Kòtẹ́milọ́rùn

Ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa tó ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yálà lẹ́yìn ìsìn, ní ìpàdé ẹgbẹ́, tàbí lórí fóònù lóru: “Wọ́n ti kọ̀wé sí mi pé wọ́n fẹ́ tún PIP mi yẹ̀ wò. Ṣé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi ni?” PIP, ìyẹn Personal Independence Payment, ni owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún ẹni tí àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tàbí àìlera ń dí lọ́wọ́. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé lẹ́tà yẹn kì í ṣe ìdájọ́. Àtúnyẹ̀wò sábà máa ń kan ẹni tí wọ́n bá fún ní PIP fún iye ọdún kan, DWP (Department for Work and Pensions, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń san owó náà) sì lè fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ nígbà tó bá ku nǹkan bí ọdún kan kí àkókò náà tó pé. Síbẹ̀, wọ́n lè fi kún owó náà, wọ́n lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n lè dín in kù, wọ́n sì lè dá a dúró pátápátá. Nítorí náà, ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù asán.

Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn kọ fọ́ọ̀mù yìí, mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi ẹnu ara wa pàdánù owó tó tọ́ sí wa. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í tú àìsàn wa sílẹ̀ lójú àlejò, bẹ́ẹ̀ àlejò gan-an ló máa bi yín léèrè lọ́jọ́ yìí. England àti Wales ni ìlànà tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí bá mu. Mo fi ọ̀rọ̀ Scotland àti Northern Ireland sí ìparí.

Kí ẹ tó mú bírò

1. Ẹ wo déètì tó wà lórí lẹ́tà. Oṣù kan ni wọ́n sábà máa ń fún yín láti dá fọ́ọ̀mù náà, tí wọ́n ń pè ní AR1, padà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn sára kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú rẹ̀ ṣe ọjọ́ tiyín.
2. Ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo ojú ìwé rẹ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun sí i.
3. Ẹ pe Citizens Advice, ẹgbẹ́ tó ń gba ènìyàn nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí ilé ìmọ̀ràn òfin tó wà ládùúgbò yín lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé kì í rọrùn láti tètè rí wọn.
4. Bí àkókò kò bá ní tó, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà kí oṣù náà tó pé, kí ẹ ní kí wọ́n fi àkókò kún un. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀, ọjọ́ àti aago.

Ẹ má ṣe ti lẹ́tà náà bọ inú dúrọ́ọ̀. Bí fọ́ọ̀mù kò bá padà, tí kò sì sí ìdí tó yanjú, wọ́n lè dá owó dúró láìka bí àìsàn náà ti le tó sí. Bí ẹ bá sì ti dá a padà, tí àwọn fúnra wọn ló ń fi falẹ̀, wọ́n sábà máa ń sún àkókò owó yín síwájú títí wọn yóò fi parí àyẹ̀wò, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ wọn kó yín lọ́kàn sókè.

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò kàn wá púpọ̀ nínú èyí. Ọkùnrin kan tí mo mọ̀ lọ sin ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọjọ́ kẹrin tó kúrò nílé ni fọ́ọ̀mù dé. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ilé náà kó o pọ̀ mọ́ ìwé ìpolówó písà, ó gbé gbogbo rẹ̀ sórí máíkírówéèfù, ibẹ̀ náà ni baba náà sì ti bá a nígbà tó dé, tí owó ti dúró. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò nílùú fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún DWP. Wọ́n lè san PIP fún ẹni tó wà lẹ́yìn odi fún ọ̀sẹ̀ 13, ó sì lè tó 26 bó bá jẹ́ pé ìtọ́jú ara ló gbé e lọ. Ẹ wá ẹnì kan tí yóò máa tú lẹ́tà yín, tí yóò sì máa ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Ohun tí wọ́n ń wọ̀n gan-an

Kì í ṣe orúkọ àìsàn ni wọ́n ń fún ní máàkì. Ènìyàn méjì lè ní làkúrègbé kan náà, kí ọ̀kan gba owó, kí èkejì má gba nǹkan kan. Iṣẹ́ 12 ni wọ́n ń wò. Mẹ́wàá jẹ́ ti ìgbé ayé ojoojúmọ́: oúnjẹ sísè, oúnjẹ jíjẹ, lílo oògùn àti ìtọ́jú, ìwẹ̀, lílọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, aṣọ wíwọ̀, ọ̀rọ̀ sísọ àti gbígbọ́, ìwé kíkà, bíbá ènìyàn da nǹkan pọ̀, àti ṣíṣe ètò owó. Méjì yòókù jẹ́ ti ìrìn: mímọ ọ̀nà àti gbígbé ètò ìrìn àjò kalẹ̀, àti fífi ẹsẹ̀ rìn. Ẹni tó bá ní máàkì 8 sí 11 ní apá kan yóò gba ìwọ̀n kékeré ti apá náà. Ẹni tó bá ní 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò gba èyí tó ga. Ní ọdún ìsúná tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, £73.90 tàbí £110.40 ni wọ́n san lọ́sẹ̀ fún ìgbé ayé ojoojúmọ́, £29.20 tàbí £77.05 sì ni ti ìrìn.

Òfin sọ pé a kò gbọ́dọ̀ kà á sí i pé ẹ lè ṣe iṣẹ́ kan àfi tí ẹ bá lè ṣe é báyìí:

- láìséwu fún ara yín tàbí fún ẹlòmíràn;
- bó ṣe yẹ kí ó rí, kì í ṣe gbà-má-pòó-rọ́wọ́-mi;
- ní gbogbo ìgbà tó bá yẹ kí ẹ ṣe é lọ́jọ́ kan;
- láàárín àkókò tí kò ju ìlọ́po méjì èyí tó pẹ́ jù tí ẹni tí ara rẹ̀ dá yóò lò.

Ẹ kọ mẹ́rin yìí sórí pépà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí ẹ ti ń kọ fọ́ọ̀mù. “Mo lè gun àtẹ̀gùn” kì í ṣe òtítọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ lè gùn ún lójúmọ́, tí ẹ ó sì jókòó mí hẹlẹ-hẹlẹ lórí rẹ̀.

Lórí oúnjẹ, ọ̀pọ̀ ìyá wa ló ń kọ ọ́ pé àwọn kò lè ro àmàlà mọ́, àwọn kò sì lè gún iyán. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni wọ́n ń bi yín. Oúnjẹ kékeré kan fún ẹnì kan ni wọ́n ń sọ, láti orí nǹkan tútù, lórí sítóòfù. Nítorí náà, ẹ sọ nípa gígé àlùbọ́sà, ṣíṣí agolo tòmátì, gbígbé ìkòkò tí omi gbígbóná wà nínú rẹ̀, dídúró nídìí iná, àti iye ìgbà tí ẹ gbàgbé iná sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé orí àga ni ẹ ti ń gé ẹ̀fọ́, ẹ sọ ọ́. Àga náà jẹ́ ohun èlò ìrànwọ́, ó sì lè ní máàkì.

Ti ẹsẹ̀ rírìn wá tún ní ìdẹkùn tirẹ̀. Yorùbá a máa sọ pé “kò jìnnà, ibẹ̀ yẹn náà ni”, bẹ́ẹ̀ mítà ni DWP ń kà. Ẹni tí kò lè dìde dúró kí ó sì rìn ju mítà 20 lọ ló ń gba máàkì 12, mítà 20 kò sì ju gígùn bọ́ọ̀sì alájà méjì ti Lọ́ńdọ̀nù méjì tó tò tẹ̀lé ara wọn lọ. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n gan-an, ẹ ka iye ẹsẹ̀ tí ẹ gbé kí ẹ tó dúró, kí ẹ wo aago, kí ẹ sì kọ bí ara ti rí lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ló máa ń bi mí jù lọ nípa ọjọ́ dídára àti ọjọ́ burúkú. Ìlànà ni pé ìṣòro náà gbọ́dọ̀ wà ní ohun tó ju ìdajì àwọn ọjọ́ inú ọdún lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn ka ọjọ́ tí ó dùbúlẹ̀ sí ọsibítù nìkan, kí ó wá rí i pé kò tó 40. Ẹ ka ọjọ́ tí eegun ń ro yín nílé, ẹ ka ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ara kò ì tíì padà bọ̀ sípò lẹ́yìn tí wọ́n dá yín sílẹ̀, ẹ ka ọjọ́ tí àárẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ wẹ̀. Ti ẹni tó ní wárápá yàtọ̀ díẹ̀: ìdájọ́ kan tí Upper Tribunal, ilé ẹjọ́ tó ga ju ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn lọ, ṣe lọ́dún 2017 fi hàn pé bí ewu náà bá burú tó, tí ó sì lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kò pọn dandan kí ó máa ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó gbà pé iṣẹ́ náà léwu fún un.

Ẹ tún mọ̀ pé iṣẹ́ ṣíṣe kò fi ẹ̀tọ́ sí PIP du ènìyàn. Bí iṣẹ́ yín bá ti yí padà nítorí àìlera, ẹ kọ bó ṣe yí padà.

Kíkọ fọ́ọ̀mù AR1

Àpótí “kò sí àyípadà” ni mo kà sí pàkúté tó burú jù nínú fọ́ọ̀mù yìí. Ènìyàn á sàmì sí i, á fi àlàfo ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, á sì gbà pé wọ́n ní fáìlì tàtijọ́ lọ́wọ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé ẹni tó máa kà á kò gbọ́ orúkọ yín rí.

1. Ẹ ka ìbéèrè, kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn rẹ̀ ní Yorùbá sí ẹnì kan létí, kí onítọ̀hún máa kọ ọ́ sílẹ̀.
2. Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.
3. Ẹ sọ ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́, ohun tó ń ṣe, àti ìgbà mélòó lọ́sẹ̀.
4. Ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán.
5. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Mo ní kí ẹ fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ wa nípa ìrora pé ju “body pain” lọ. Ara ríro, ara títa, ẹ̀gún tó ń gún ni, iṣan tó ń fà, òòyì tó ń kọ́ ni, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi “body pain” rọ́pò wọn, ẹni tó ń kà á á rò pé òtútù lásán ló mú yín. Ẹ sọ ibi tó ti ń dùn yín, bó ṣe ń dùn, àti bó ṣe ń pẹ́ tó.

Ìyá kan kọ ọ́ lórí ìwẹ̀ pé: “Mo ń wẹ̀ fúnra mi, àmọ́ ó máa ń rẹ̀ mí díẹ̀.” Nígbà tí a jókòó tì í, ohun tó wà níbẹ̀ lóòótọ́ ni èyí: “Orí àga ike ni mo ti ń wẹ̀, nítorí orúnkún mi kò gbé mi dúró. Ní ọjọ́ márùn-ún nínú méje, ọmọ mi obìnrin ló ń fọ ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí kò sí nílé, mo sì yọ̀ṣubú. Bí mo bá wẹ̀ tán, mo ní láti dùbúlẹ̀ fún wákàtí kan kí n tó lè wọṣọ.” Kò fi irọ́ kankan kún un. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, nítorí ó ní òun kò fẹ́ kí òyìnbó mọ̀ pé ọmọ òun ń rí ìhòòhò òun.

Ẹ má ṣe bù mọ́ ọn o. Irọ́ pípa lórí fọ́ọ̀mù yìí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ó sì máa ń ba ohun tó jẹ́ òótọ́ jẹ́ pẹ̀lú.

Ohun tí ẹ ó fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ ni o, kì í ṣe ojúlówó:

- lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ dókítà àgbà, fisiothẹ́rápíìsì tàbí occupational therapist (ẹni tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti lè ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́);
- ìwé oògùn tó dé kẹ́yìn;
- àkọsílẹ̀ ọjọ́ 14, tí ẹ kọ ohun tó ṣòro fún yín sí lójoojúmọ́;
- lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tọ́jú yín, tó sọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí.

Lẹ́tà GP tó kàn sọ pé ẹ ní àtọ̀gbẹ kò wúlò púpọ̀. Èyí tó sọ pé ẹsẹ̀ yín ti kú tipiri, ẹ kò sì mọ̀ bí ẹ bá tẹ ìṣó, ni a ń wá. Ẹ kọ nọ́ńbà National Insurance yín sí orí gbogbo pépà. Bí lẹ́tà dókítà kò bá tètè dé, ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ná, kí lẹ́tà máa bọ̀ lẹ́yìn. Ní Post Office, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí pé ẹ fi í ránṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni.

Ọjọ́ àyẹ̀wò

Wọ́n lè fi fọ́ọ̀mù àti ìwé dókítà nìkan parí ọ̀rọ̀ àwọn kan. Àwọn yòókù yóò bá òṣìṣẹ́ ìlera sọ̀rọ̀ lórí fóònù, lórí fídíò tàbí lójúkojú. Ilé iṣẹ́ tí DWP gbé iṣẹ́ fún ló ń ṣe àyẹ̀wò yìí. DWP fúnra rẹ̀ ló ń ṣe ìpinnu. Kí ọjọ́ tó pé, ẹ lè béèrè fún:

- ògbufọ̀ Yorùbá, bí Gẹ̀ẹ́sì bá máa ń fò lọ lẹ́nu yín nígbà tí ara kò bá yá;
- àyẹ̀wò nílé, bí ẹ kò bá lè jáde, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà tó tì í lẹ́yìn;
- kí wọ́n gba ohùn sílẹ̀;
- kí ẹnì kan jókòó tì yín.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí arábìnrin kan dáhùn ìpè yìí. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, ìgò omi gbígbóná wà lábẹ́ ìbàdí rẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ. Obìnrin tó pè é bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Báwo ni ara yín lónìí?” Kíá ló dáhùn: “Ara le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.” Mo fi ọwọ́ sí i pé kí ó dúró, ó ti pẹ́ jù. Nígbà tí ìròyìn àyẹ̀wò náà dé, gbólóhùn yẹn ló wà lókè pátápátá, pé ó sọ pé ara òun dára. Adúpẹ́ jẹ́ ìkíni lẹ́nu wa; lẹ́nu tiwọn, ẹ̀rí ni. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ lè sọ pé: “Ẹ ṣé tí ẹ béèrè. Lónìí, ìbàdí mi ń ro mí, mi ò sì sùn lóru àná.” Ẹni tó gbà pé òun kì í fẹnu gba àìsàn náà lè sọ ohun tí ara kò lè ṣe láì dárúkọ àìsàn rárá, nítorí iṣẹ́ ni wọ́n ń bi í, kì í ṣe orúkọ àrùn.

Àwọn ìbéèrè tó dà bí ọ̀rọ̀ lásán wà níbẹ̀ pẹ̀lú. “Báwo ni ẹ ṣe débí?” ń wádìí ìrìn yín. “Ṣé ẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?” lè di pé ẹ ń bá èrò da nǹkan pọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi mọ́tò gbé yín lọ, tí ẹ ń jókòó sẹ́yìn nítòsí ilẹ̀kùn, tí ẹ sì ń padà sílé kí wọ́n tó gba ọrẹ, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ lójúkojú ni, ẹ wọ ohun tí ẹ ń wọ̀ lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé a kì í lọ síwájú ìjọba ní wúruwùru, ṣùgbọ́n ẹni tó wé gèlè lọ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó bá a wé e.

Bí ẹ kò bá lè lọ lọ́jọ́ náà, ẹ pè wọ́n kí aago tó lù. Ẹni tí kò lọ, tí kò sì ní ìdí tó yanjú, lè pàdánù owó. Bí ẹ bá ti parí, ẹ jókòó kọ ohun tí wọ́n bi yín àti ohun tí ẹ fèsì sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àkókò ìdúró àti oorun tí kò wá

Lára ohun tó ń dẹ́rù ba ènìyàn ni àìmọ ohun tó so mọ́ owó yìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: Carer's Allowance ẹni tó ń tọ́jú yín, tó rọ̀ mọ́ apá ìgbé ayé ojoojúmọ́, ọkọ̀ Motability (ọkọ̀ tí a ń fi owó ìrìn PIP háyà), tó rọ̀ mọ́ ìwọ̀n gíga ti ìrìn, Blue Badge (káàdì ìgbọ́kọ̀sí fún aláìlera), àti àfikún kan tàbí òmíràn lórí owó ìrànwọ́ yòókù. Ẹ gbé àkọsílẹ̀ náà lọ bá olùdámọ̀ràn, kí ó sọ èyí tó lè kúrò àti èyí tí yóò dúró.

Ẹ ṣọ́ra fún ohùn tí wọ́n ń fi ṣọwọ́ lórí WhatsApp. Lọ́dún 2025, ariwo pọ̀ pé ẹni tí kò bá ní máàkì mẹ́rin lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo yóò pàdánù apá ojoojúmọ́. Òótọ́ ni pé ìjọba fi í sínú àbádòfin kan, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọ́ kúrò lóṣù Keje ọdún yẹn, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń fi dẹ́rù ba àwọn arúgbó wa.

Bí ẹ̀rù náà bá ń mú oorun lọ tàbí tó ń mú àìsàn le sí i, ẹ sọ fún GP. Èyí yóò wọ inú ìwé ìtọ́jú yín pẹ̀lú. Bí ọkàn bá ti ń sọ pé ikú yá jù, ẹ pe Samaritans, àwọn tó ń tẹ́tí sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́, lórí 116 123 nígbàkígbà, ọ̀fẹ́ ni, tàbí ẹ pe 111, nọ́ńbà NHS, kí ẹ yan nọ́ńbà 2.

Bí ìpinnu kò bá tẹ́ yín lọ́rùn

1. Ẹ pe DWP, kí ẹ ní kí wọ́n fi ìròyìn olùyẹ̀wò ránṣẹ́ sí yín.
2. Láàárín oṣù kan sí déètì ìpinnu, ẹ béèrè fún Mandatory Reconsideration, ìyẹn kí DWP fúnra rẹ̀ tún ìpinnu náà wò, yálà lórí fóònù, nínú lẹ́tà tàbí pẹ̀lú fọ́ọ̀mù CRMR1. Bí àkókò bá ti kọjá, wọ́n ṣì lè gbà á títí di oṣù 13 bí ìdí bá wà.
3. Ẹ tọ́ka sí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: máàkì tí wọ́n fún yín, èyí tó yẹ kí ó jẹ́, àti ẹ̀rí rẹ̀. Ẹ má ṣe lo àyè yín láti bú olùyẹ̀wò.
4. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ ní oṣù kan sí déètì ìwé tuntun náà láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí pẹ̀lú fọ́ọ̀mù SSCS1. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀.
5. Ẹ yàn láti fara hàn, kì í ṣe kí wọ́n fi ìwé nìkan dá a. Adájọ́ kan, dókítà kan àti ẹni tó mọ̀ nípa àìlera ló sábà máa ń jókòó.

Ohun tó ju ìdajì lọ nínú ẹjọ́ PIP tó dé iwájú ìgbìmọ̀ yìí ni olùpẹjọ́ ń jàre, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń dúró sí ìpele kejì nítorí pé wọ́n rò pé “wọ́n ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì náà nìyẹn”. Ìkìlọ̀ kan wà: ẹni tí wọ́n ṣì fi apá kan sílẹ̀ fún gbọ́dọ̀ gba ìmọ̀ràn kí ó tó pẹjọ́, nítorí wọ́n lè tún gbogbo owó náà wò, kí wọ́n sì dín èyí tó wà lọ́wọ́ kù. Ní gbogbo àkókò yìí, owó tí wọ́n dá dúró kì í padà; bí ẹ bá jàre ni wọn yóò san àjẹsílẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ní ọkọ̀ Motability ní láti tètè pè wọ́n, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ dá ọkọ̀ padà fún un.

Scotland àti Northern Ireland

Ní Scotland, Adult Disability Payment ló rọ́pò PIP, Social Security Scotland ló sì ń bójú tó o. Ọjọ́ 42 ni ẹ ní láti béèrè pé kí wọ́n tún ìpinnu ṣe. Bí wọ́n bá dín owó yín kù tàbí tí wọ́n dá a dúró, ẹ lè béèrè fún Short Term Assistance, tí wọ́n máa ń san nígbà tí ẹjọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, ẹ kò sì ní dá a padà bí ẹ bá tilẹ̀ jẹ̀bi. Ní Northern Ireland, PIP ṣì ni, ṣùgbọ́n Department for Communities ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀.